Olùwà Wà, Olùṣe Kò Sí: Bí Olóṣèlú Ṣe Ń Fi Gírámà Gbé Ọ̀ràn Pamọ́

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ní gbàgede Eagle Square ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti búra fún Bọ́lá Ahmed Tinúbú gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Ààrẹ tuntun náà sọ gbólóhùn kúkúrú kan tí tọmọdé tàgbà ilẹ̀ yìí kò tíì gbàgbé: ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, lítà epo bẹntiróòlù kan tí ará Èkó ti ń rà ní nǹkan bí náírà 185 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 500, owó ọkọ̀ èrò sì ti tẹ̀ lé e gun òkè. Bí ènìyàn bá wá fi ara balẹ̀ yẹ gbólóhùn náà wò, yóò rí i pé owó ìrànwọ́ nìkan ni ó dá dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ méjì, tí ó di ẹrù rẹ̀, tí ó dágbére fún ará ilé, tí ó sì bọ́ sọ́nà. Kò sí ẹni tí ó lé e, kò sí ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Kí a má purọ́ mọ́ ẹni tí ó sọ ọ́: ètò ìsúná tí ìjọba tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣe fún ọdún náà kò pèsè owó ìrànwọ́ kọjá ìparí oṣù Kẹfà, nítorí náà ẹni tí ó bá ní ohun tí ó ti ń kú lọ ni ó túfọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí òtítọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Ààrẹ kan náà jókòó pẹ̀lú àwọn oníròyìn ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí ọ̀rọ̀ ìnira tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ sì délẹ̀, ohun tí ó sọ ni pé òun kò kábàámọ̀ rárá pé òun mú owó ìrànwọ́ náà kúrò. Ohun tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ní 2023 ti di ohun tí ẹnìkan mú kúrò ní 2024. Owó kan náà ni, ọ̀ràn kan náà ni, ìhun gbólóhùn ni ó yí padà, bí ó sì ti ń yí padà ni ẹrù ọ̀ràn náà ń kúrò lórí owó tí ó ń bọ́ sórí ènìyàn.

Ohun tí ó wà láàárín irú gbólóhùn méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ là yé òǹkàwé nínú àròkọ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó mọ̀ lára pé olóṣèlú ń yí ọ̀rọ̀ po, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ìka tọ́ ibi tí ó gbà yí i.

Olùwà kì í ṣe olùṣe

Àwọn onímọ̀ èdè wa, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ ògúnná gbòǹgbò láàárín wọn, ti fi yé wa pé gbólóhùn a máa ní olùwà, èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì lè ní àbọ̀, èyí ni ọ̀rọ̀ tí ìṣe náà bà lé. Bí a bá ní "Àjàyí fọ́ ìkòkò," Àjàyí ni olùwà, ìkòkò sì ni àbọ̀. Èyí kò ta kókó. Ibi tí ó ti ta kókó ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé olùwà àti olùṣe, ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí mo bá ní "Ìkòkò fọ́," ìkòkò ti bọ́ sí ààyè olùwà, gbólóhùn náà pé, kò sí olùkọ́ tí yóò fi pẹ́ńsù pupa ha á. Ṣùgbọ́n ìkòkò kò fọ́ ara rẹ̀, Àjàyí sì ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Olùwà dàbí ẹni tí àlejò bá ní ẹnu ọ̀nà àgbàlá: ó lè jẹ́ baálé ilé, ó sì lè jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sè nínú ilé.

Gbólóhùn tí kò ní olùṣe kì í ṣe irọ́. Ilẹ̀ a máa ṣú, òjò a máa rọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè ẹni tí ó fà á. Ìgbà mìíràn sì wà tí a kò mọ olùṣe, tàbí tí mímọ̀ ọ́n kò ṣe wá ní àǹfààní kankan. Ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti mọ olùṣe, tí ẹni tí ń gbọ́ ọ sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n, tí ọlọ́rọ̀ wá ṣa ìhun tí yóò yọ orúkọ náà kúrò láìfi ojú ihò sílẹ̀.

Òkìkí tí ó kan èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìhun kan wà tí ó máa ń gbé àbọ̀ wá sí iwájú gbólóhùn, tí ó sì fún olùṣe láyè láti jókòó sẹ́yìn tàbí kí ó má tilẹ̀ wá sóde rárá. Àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà ti jẹ nínú rẹ̀ pẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1876, nígbà tí Ulysses Grant ń kọ ìwé ọdọọdún rẹ̀ tí ó kẹ́yìn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí ìwà ìbàjẹ́ àwọn tí ó yàn sípò sì ti ń rùn gbogbo ìlú, ó kọ ọ́ pé àṣìṣe ti wáyé, gbogbo ayé rí i, òun náà sì gbà. Lẹ́yìn èyí ni ó rọra fi kún un pé nínú yíyan àwọn olùrànlọ́wọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wáyé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1987, Ronald Reagan dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ kan náà lórí ọ̀ràn ohun ìjà tí ìjọba rẹ̀ tà fún orílẹ̀-èdè Ìráànì ní bòókẹ́lẹ́, èyí tí wọ́n fi lára owó rẹ̀ ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ní Nikarágúà, ó sì sọ pé àṣìṣe ńlá wáyé. Lọ́dún 1997 ni Bill Clinton tún bu omi nínú kànga yìí nígbà tí wọ́n bi í nípa owó tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ fún ìdìbò. Ọ̀rọ̀ náà di àwàdà débi pé onímọ̀ ìṣèlú kan, William Schneider, ní kí a fún un ní orúkọ tirẹ̀ nínú gírámà: ìgbà tí ó ti kọjá, tí ó sì ń dá ẹlẹ́bi sílẹ̀.

Láti inú irú èyí ni èrò kan ti jáde, tí ó sì ti di òfin lẹ́nu àwọn olùkọ́, pé ìhun yẹn gan-an ni ẹlẹ́ṣẹ̀, kí a ṣáà ti sá fún un. George Orwell, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í sára òfin tí ó là sílẹ̀ fún àwọn akọ̀wé lọ́dún 1946, bẹ́ẹ̀ àròkọ tí ó gbé òfin náà wá gan-an kún fún ìhun tí ó kà léèwọ̀. Èmi kò gbà pẹ̀lú òfin yìí. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lè lo ìhun yẹn kí ó sì fi orúkọ olùṣe sí ìdí rẹ̀ kedere, kí ó sọ pé láti ọwọ́ òun ni ìbuwọ́lùwé náà ti wá. Níbẹ̀, kò sí ohun tí ó pamọ́. Ẹ̀rí tí ó tóbi jù sì wà nílé wa: èdè Yorùbá kò ní irú ìhun bẹ́ẹ̀ rárá, síbẹ̀ mi ò tíì gbọ́ pé olóṣèlú wa kan wá ibi sápamọ́ sí tì.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ó wà nínú èdè tiwa

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí ó kéré jù, "wọ́n." Ibi tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé àbọ̀ síwájú, àwa a máa fi "wọ́n" dí ààyè olùwà: wọ́n jí owó, wọ́n ti ilé-ìwòsàn pa, wọ́n lù ú. "Wọ́n" yìí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Àga ni a gbé kalẹ̀ tí ẹnìkan kò jókòó lé. Ṣùgbọ́n èdè wa tún ní "wọ́n" mìíràn tí ó jẹ́ ti ọ̀wọ̀, tí a fi ń pe àgbà kan ṣoṣo: wọ́n ti dé láti oko, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Olóṣèlú mọ̀ pé ìró kan náà ni méjèèjì ní. Ẹ wo kọmíṣọ́nnà kan tí ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, tí wọ́n bi í nípa ìwé àṣẹ tí ó fọwọ́ sí, tí ó wá tẹrí ba díẹ̀, tí ó sì dáhùn pé, "Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i ni mo ṣe fọwọ́ sí i." Ta ni wọ́n? Bí gómìnà bá ń gbọ́ ọ, yóò rò pé ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún òun ni, pé kò ní fi ẹnu ba òun jẹ́. Bí ará ìlú bá ń gbọ́ ọ, yóò rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a kò mọ̀ ni. Kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀ sì ti gba àárín méjèèjì kọjá lọ sílé. Bí alága ìgbìmọ̀ náà bá jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè dénú, ọ̀rọ̀ méjì péré ni yóò fi tì í padà: "Àwọn ta?"

Ìlẹ̀kùn kejì ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí nǹkan fi ń ṣe ara rẹ̀. Fáìlì a máa sọnù. Owó ọ̀nà a máa di àwátì. Afárá a máa wó. Owó oṣù kì í jáde, bí ẹni pé inú yàrá ni ó wà tí ó ń wọṣọ. Iná mànàmáná ni ó fi èyí hàn jù, nítorí pé níbẹ̀ ni ará ìlú àti ìjọba ti ń lo gírámà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí òkùnkùn bá ṣú lójijì ní àdúgbò wa, igbe tí àwọn ọmọdé máa ń ké ni pé, "Wọ́n ti mú iná lọ!", bí ó bá sì padà, wọ́n á ní, "Wọ́n ti mú un dé!" Ọmọdé mọ̀ pé ẹnìkan wà níbìkan tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkùnkùn bo ilẹ̀ Nàìjíríà léraléra lọ́dún 2024, ohun tí àtẹ̀jáde ìjọba ń sọ ni pé ìlà iná gbogboogbò wó lulẹ̀. Ó wó. Ó tún wó.

Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń ṣiṣẹ́ yìí: ìfàsẹ́yìn dé bá iṣẹ́ náà, ìdíwọ́ wáyé, èdè-àìyedè ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ará ìlú àti àwọn agbófinró, bẹ́ẹ̀ òkú sì wà nílẹ̀. Bí èyí kò bá tó, a ó pe ẹni tí kò lè yọjú sí ilé ẹjọ́. Ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n kọ́ lórí ìpìlẹ̀ alájà méjì wó, àmúwá Ọlọ́run ni. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbàlagbà pòórá, iṣẹ́ Èṣù ni, Èṣù tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé kankan.

Sójà tí a kò mọ̀

Nígbà mìíràn, gbólóhùn a máa ní olùṣe, yóò sì jẹ́ ènìyàn, síbẹ̀ kò ní sí ẹnìkan nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya bo ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní ojú ọ̀nà Agége ní Èkó, ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń pè ní Kàlàkútà. Wọ́n lu ará ilé ní àlùbami, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, akọni obìnrin Ẹ̀gbá tí ó ti bá ọba àti aláwọ̀ funfun fà á, láti ojú fèrèsé òkè sílẹ̀, ilé náà sì jóná kanlẹ̀. Àárín ọ̀sán gangan ni, ojú ọ̀pọ̀ èrò ni, àgọ́ tí àwọn sójà náà ti wá kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Ìjọba ológun gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́, àbọ̀ tí ó jẹ́ nípa iná náà ni pé sójà tí inú ń bí, tí a kò mọ̀, ni ó dá a. Ìyá náà kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978.

Gírámà ìdájọ́ yìí yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Ó ní olùwà, olùwà náà sì ni olùṣe. Ìhun rẹ̀ tọ́ lọ gbọọrọ bí ọfà, Orwell pàápàá ìbá yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yán kan tí wọ́n fi kọ́ olùṣe náà lọ́rùn, "tí a kò mọ̀," ti sọ ọ́ di òfìfo. Ta ni "a" tí kò mọ̀ ọ́n? Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó ní ìwé orúkọ gbogbo ẹni tí ó ń sùn nínú àgọ́ rẹ̀, tí ó mọ ẹni tí ó fún ní ìbọn àti ẹni tí ó fún ní ọkọ̀, ni kò mọ̀ ọ́n. Fẹlá sọ ọ́ di orin lọ́dún 1979, ó sì fi orúkọ sójà tí a kò mọ̀ náà pe àwo rẹ̀, láti ìgbà náà wá ni àwọn ará ìlú ti ń fi àpèjúwe náà fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́ nígbàkúùgbà tí ọ̀ràn bá di aláìníbaba.

Ìwé tí kò ní orí, tí kò ní ìdí

Àpẹẹrẹ tí ó jinlẹ̀ jù ní ilẹ̀ wa ni ti ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, èyí tí Moshood Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, jáwé olúborí nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Nduka Irabor, akọ̀wé ìròyìn fún Igbákejì Ààrẹ Augustus Aikhomu, fún àwọn oníròyìn ní ìwé kan tí ó wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Ìwé náà kò ní àkọlé ìjọba lókè. Kò ní ọjọ́. Kò ní ìbuwọ́lùwé nísàlẹ̀. Ìbò tí mílíọ̀nù ènìyàn tò nínú oòrùn láti dì, bébà tí ẹnìkan kò fi orúkọ sí ni ó pa á. Inú ìwé náà sì bá ara rẹ̀ mu: ó ní nítorí ẹjọ́ tí ó pọ̀ yanturu ní ilé ẹjọ́, ó ti di dandan fún ìjọba láti gbé ìgbésẹ̀, kí wọ́n má baà sọ ẹ̀ka ìdájọ́ di ẹni ẹ̀sín. "Ó di dandan": ẹjọ́ ni ó fi ipá mú ìjọba, ìjọba kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni.

Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998. Ní oṣù Kejì ọdún 2025 ni Ìbrahim Bàbáńgídá, olórí ìjọba ológun nígbà náà, tó gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní Àbújá, tí ó sì gbà nínú rẹ̀ pé Abíọ́lá ni ó wọlé. Ó ní Kàtsínà ni òun wà nígbà tí ìkéde náà jáde, pé wọn kò gba àṣẹ òun. Ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ náà ó dìde sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yẹ kí àwọn tí ń kọ́ gírámà máa fi kọ́ ọmọ. Ó kọ́kọ́ ní òun gba ẹrù gbogbo ìpinnu tí ó wáyé lábẹ́ ìṣàkóso òun. Èyí dára, èmi pàápàá tẹ́tí. Lẹ́yìn èyí, ó ní àṣìṣe, àbójútó tí kò tó àti ìgbésẹ̀ tí ó ṣì "ṣẹlẹ̀" ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Ó ní ìjọba tí ó ṣètò ìdìbò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lábùkù náà kò lè parí iṣẹ́ rẹ̀, pé èèṣì inú ìtàn ni, èèṣì náà sì bani nínú jẹ́ púpọ̀. Paríparí rẹ̀, ó ní orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀tọ́ láti máa retí pé kí òun fi ìkáàánú òun hàn.

Ẹ tún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn yẹ̀ wò. Olùwà rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè. Ìṣe tí ó wà nínú rẹ̀ ni ìretí, ìretí náà sì jẹ́ ti àwa tí a ń gbọ́. Ìkáàánú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó sí ìdí pátápátá bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ rán sílé ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà tọrọ àforíjì kò nílò ìrìn tó bẹ́ẹ̀: "Mo ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí." Nínú ọ̀rọ̀ Bàbáńgídá, kò sí ìhun kan tí àwọn alátakò ìhun Gẹ̀ẹ́sì lè mú, gbogbo rẹ̀ ni olùwà wà fún, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe ṣẹlẹ̀. Ìtàn ṣe èèṣì. Orílẹ̀-èdè ń retí. Ẹni kan ṣoṣo tí kò ṣe ohunkóhun ni ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀.

Mo, a, wọ́n

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹrù wà nínú ọ̀rọ̀ gígùn, kí ó fi ojú sí àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tí ń rọ́pò orúkọ. Gómìnà tí ó ń ka àbọ̀ iṣẹ́ ọdún mẹ́rin a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo": mo kọ́ ilé-ìwòsàn, mo gba olùkọ́ síṣẹ́. Bí ó bá dé ibi tí iṣẹ́ kò parí, "mo" á di "a": a ṣì ń sapá, a mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Bí ó bá dé ibi gbèsè, kò ní sí ẹnìkan mọ́, owó oṣù ni kò tíì jáde. Bí ó bá sì kan ẹ̀sùn, "wọ́n" ni yóò gba orí pátákó: wọ́n ń dí wa lọ́wọ́.

"A" yìí gan-an lẹ́tàn nínú èdè wa, nítorí pé kò sọ bóyá ẹni tí ń gbọ́ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. "A gbọ́dọ̀ fara da á" lè jẹ́ èmi pẹ̀lú yín, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin nìkan, bí ẹni tí ó sọ ọ́ bá jẹ́ ẹni tí ìjọba ń ra epo sínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Mo gba ẹ̀bi"

Kí òǹkàwé má wá rò pé bí olóṣèlú bá ti lè pe "mo," ọ̀ràn ti tán. Nígbà tí àwọn tí Amẹ́ríkà dá lẹ́kọ̀ọ́ láti gbógun ti Kúbà fìdí rẹmi ní oṣù Kẹrin ọdún 1961, Ààrẹ John Kennedy sọ fún àwọn oníròyìn ní ọjọ́ 21 oṣù náà pé òun ni aláṣẹ tí ọ̀ràn náà wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ìjọba. Àwọn ènìyàn yìn ín. Iye àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn gun òkè dé 83 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé oníròyìn kan ni ó bi í léèrè ìdí tí ìjọba kò fi fẹ́ sọ̀rọ̀ síwájú sí i, ìdáhùn náà sì ni ó fi ti ilẹ̀kùn ìbéèrè. Ó gba ẹrù náà, lẹ́yìn náà ó gbé e wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Reagan náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1987, padà wá sọ pé òun gba ẹrù ohun tí òun ṣe àti èyí tí ìjọba òun ṣe, ó sì jẹ́wọ́ pé òtítọ́ tí ó wà nílẹ̀ ta ko ohun tí òun ti sọ fún ìlú tẹ́lẹ̀. Ìjẹ́wọ́ kejì yìí ni ó wúwo jù lójú mi, nítorí pé ó ní ìṣe kan pàtó nínú. "Mo gba ẹ̀bi" láìsọ ẹ̀bi wo dàbí orúkọ tí kò ní oríkì. Àwọn baba wa ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí a kò bá dárúkọ ìka, ọba yóò mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ lásán.

Sísọ̀rọ̀ tààrà a sì máa ná ènìyàn ní nǹkan. Ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn sọ pé òun yóò sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ó dá ọjọ́, ó sì tún sọ fún ará ìlú pé owó orí ni wọn yóò fi gbé e. Ní 1954, nígbà tí ìdìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ dé, ẹgbẹ́ alátakò ni ó borí ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ.

Òwe kò ṣẹ̀

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, àwa Yorùbá tí ọ̀rọ̀ àlọ́ po ni ọ̀rọ̀ wa, tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣé kì í ṣe àwa gan-an ni baba ìfarapamọ́? Rárá o. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí ó jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn títí di 1966, lè fi òwe kan gún ẹni mẹ́ta nídìí lórí ìjókòó kan, kò sì ní dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ ara wọn, èrò ìpàdé mọ̀ wọ́n, Akíntọ́lá náà sì mọ̀ pé wọ́n mọ ẹni tí ó pa òwe. Ohun tí òwe bò ni orúkọ, ọ̀wọ̀ ni ó sì fi bò ó. Olùṣe kò sọnù. Oríkì tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú rẹ̀, ohun tí ènìyàn ṣe ni a ń sọ di orúkọ rẹ̀, ajagun, akọ́lé, abínú, ìwà tí kò sunwọ̀ pẹ̀lú èyí tí ó sunwọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ ọmọ ẹni tí ó ṣe é títí láé. Àṣà tí ó ń ṣe èyí kò lè sọ pé èdè òun ni ó kọ́ òun ní "àṣìṣe wáyé."

Ẹni tí ó ń túmọ̀ ìròyìn

Ibì kan wà tí ẹrù gbogbo èyí ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹni tí kò jẹ nínú ọ̀ràn: orí òṣìṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, tí wọ́n fún ní àtẹ̀jáde ìjọba ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti sọ ọ́ di Yorùbá kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀jáde náà ní àtúnṣe ti dé bá owó ilé-ìwé, kò sọ ẹni tí ó ṣe é. Ìhun tí akọ̀wé ìjọba lò kò sí nínú Yorùbá, nítorí náà dandan ni kí òṣìṣẹ́ yìí yan nǹkan. Bí ó bá ní "owó ilé-ìwé ti lọ sókè," ó ti bá wọn gbé e pamọ́ ju bí wọ́n ti fẹ́ lọ. Bí ó bá ní "wọ́n ti fi owó kún owó ilé-ìwé," ó ti gbé àga òfìfo kalẹ̀. Bí ó bá ní "ìjọba ti fi owó kún un," ó ti dárúkọ, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ni àbí ti àpapọ̀, àbí ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ilé-ìwé náà? Ó lè gbé fóònù kí ó bèèrè, àyè kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Bí kò bá rí ìdáhùn, gbólóhùn kan ṣì wà tí kò purọ́, tí kò sì bo ẹnikẹ́ni, mi ò sì mọ ìdí tí a kì í fi í gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́ ju bí a ti ń gbọ́ ọ lọ: "Àtẹ̀jáde náà kò sọ ẹni tí ó ṣe ìpinnu yìí." Ìròyìn ni èyí náà.